Ọ̀gá Tó Ń Bi Ọmọṣẹ́ Léèrè

Thamesmead, London
14 Oṣù Kìíní, 2024

Mummy mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún tuntun o. Ẹ kú ọyẹ́ náà, bí kò bá tíì kúrò ní Ṣàgámù. Òtútù ibí kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ara mi le, mo sì ń jẹun.

Mo gba lẹ́tà yín tó wọlé kí ọdún tó parí. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ká máa sọ ọ̀rọ̀ gidi lórí fóònù. Ẹ ní èèyàn kì í lè bá ọmọ rẹ̀ jà dáadáa lórí fóònù, torí ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn jù ni nẹ́tíwọ̀kì máa ń gé. Kò burú. Bí a ṣe ń ṣe é bọ̀ la ó máa ṣe é: màá fọwọ́ kọ tèmi, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp Fọlákẹ́mi, kó kà á sí yín létí, ẹ̀yin náà ẹ kọ tiyín, kó yà á ránṣẹ́ sí mi. Ẹ bá mi kí i. Ṣé ọmọṣẹ́ yín náà ló ṣì jẹ́? Mo rò pé ó ti gba fíríídọ̀mù tipẹ́.

Ìròyìn tí mo ní rèé. Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mò ń ṣe, mo máa ń tún aṣọ ṣe nínú yàrá mi. Mò ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mò ń pààrọ̀ sípì, mò ń dín aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì tó bá fẹ̀ jù kù. Aṣọ ti kún yàrá débi pé ẹ̀gbẹ́ róòbù àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń sùn báyìí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wá ṣófo ní Plumstead, láàárín onígbájámọ̀ kan àti ẹlẹ́ja. Ìyá àgbà tó ni ín fẹ́ràn mi. Ó ní òun máa dá a dúró dè mí di ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹrin, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọkùnrin kan tó fẹ́ máa ta àpò fóònù níbẹ̀ kò jẹ́ kí òun sinmi.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé wọ́n ti fún mi ní mẹ́ńtọ̀. Ètò kan wà fún àwa tí a fẹ́ dá okòwò kékeré sílẹ̀, wọ́n á fi ẹni tó ti ṣòwò rí tì ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kó máa fi ọ̀nà hàn ẹ́. Tèmi ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Adrian, òyìnbó àgbà kan tó ń gbé ní Barnfield Estate ní Woolwich. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ nígbà kan rí, kó tó kógbá sílé. Gbọ̀ngàn kan nítòsí ilé mi ní Thamesmead la ó ti máa pàdé ní ọjọ́ Sátidé.

Mummy, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yin lẹ ti tọ́ ọmọṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Báwo ni kí n ṣe sìn ín kó lè la ojú mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí mo ṣe sá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín lọ sí yunifásítì.

Ọmọ yín tó ń gbàdúrà fún yín,
Moráyọ̀


Ṣàgámù
2 Oṣù Kejì, 2024

Moráyọ̀ ọmọ mi,

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o kọ. Ara mi le, a dúpẹ́. O ní kí n má sọ̀rọ̀ bí o ṣe sá lọ sí yunifásítì. N kò ní sọ ọ́. N kò ní sọ pé ìwọ ni ọmọṣẹ́ mi àkọ́kọ́, pé o mọ bí wọ́n ṣe ń gé bùbá kí o tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ. N kò sì ní sọ pé lọ́jọ́ tí ìwé yunifásítì dé, o fi téèpù mi kọ́rùn jáde bí ẹni tó fẹ́ lọ ra omi, n kò sì rí ìwọ, n kò rí téèpù. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ń kí ẹ ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé iṣẹ́ tí o sá fún ní Ṣàgámù lo wọkọ̀ òfúrufú lọ kọ́ ní London, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún kò sì tà! Ṣé ẹni tí ọjà tirẹ̀ kú ni wọ́n ní kó wá jí tìẹ dìde? Ó dáa. Bó ti wù kó rí, ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń sin ọ̀gá. Kí o ti débẹ̀ kí ó tó dé, kí o ti gbálẹ̀. Tó bá gbé báàgì, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Má pe orúkọ mọ́ ọn lórí bí ẹgbẹ́ rẹ, máa ní "Sà". Se oúnjẹ dání fún un, kì í ṣe búrẹ́dì o. Má retí pé yóò tú gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ síta lọ́jọ́ kan, ìwà rẹ ló kọ́kọ́ ń wò. Lékè gbogbo rẹ̀, má ṣí ṣọ́ọ̀bù kankan láìgba fíríídọ̀mù. Kí ó gbọ́wọ́ lé ẹ lórí, kí ó súre fún ẹ, kí ó fi irinṣẹ́ lé ẹ lọ́wọ́ lójú àwọn èèyàn. O rántí Tìmílẹ́yìn tó bá mi jà tó lọ ṣí ti ẹ̀ ní òdìkejì títì? Àwọn oníbàárà ń kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni pé ògiri ni. Ọ̀kadà ló ń gùn báyìí.

O bi mí nípa Fọlákẹ́mi. Ó wà. Mo fẹ́ dá a sílẹ̀ nígbà Àjíǹde tó kọjá, aṣọ pọ̀ nílẹ̀. Mo fẹ́ ṣe é nígbà Kérésì, aṣọ tún pọ̀. A ó wò ó lọ́dún yìí. Gbájú mọ́ ọ̀gá tìẹ.

Èmi ìyá rẹ ni,
Màmá Moráyọ̀

Àǹtí Moráyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, èmi Fọlákẹ́mi ni mo fi èyí sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tí Mummy fọwọ́ sí tiwọn. Tí ẹ bá rí Uncle Adrian, ẹ bá mi bi wọ́n: báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun ti mọṣẹ́ tán? Ẹ má dárúkọ mi nínú èsì o.


Thamesmead, London
25 Oṣù Kejì, 2024

Mummy mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìsinmi ọjọ́ Àìkú. Gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe, n kò sì mọ̀ bóyá ọ̀gá yìí ń bínú ni àbí inú rẹ̀ ń dùn.

Sátidé àkọ́kọ́, mo ti wà nínú gbọ̀ngàn tí mò ń gbálẹ̀ kí ó tó wọlé. Ó rí mi, ó ní ṣé ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn kò wá sí iṣẹ́ ni? Kí n tó fèsì, ó ti fa ìgbálẹ̀ kejì yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bá mi gbá a. Mummy, ọ̀gá mi ń gbálẹ̀! Mo pè é ní "Sà", ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló wọlé. Mo gbé jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ṣé ọjọ́ ìbí mi ni? Ó jẹ ẹ́ tán ṣá. Kò ṣẹ́kù.

Èyí tó ń dùn mí ni pé kì í sọ nǹkan kan. Ìbéèrè ló ń bi mí. Mo ní, "Sà, irú ṣọ́ọ̀bù wo ni kí n ṣe?" Ó ní, "Kí ni ìwọ rò?" Mo ní mi ò rò nǹkan kan, òun ni mo wá gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó ń mu tíì rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá ó ní, "Ta ló ń gbé aṣọ wá fún ẹ? Ìgbà wo layè ń gbà wọ́n?" Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo dákẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ni, Mummy, àtàwọn tó ń tọ́jú arúgbó bíi tèmi. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa kúrò níbi iṣẹ́, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tún aṣọ ṣe ti tì. Yàrá mi nìkan ni kì í tì. Ó ní, "Ìgbà wo wá ni ṣọ́ọ̀bù tìẹ máa ṣí?" Mo ní ọ̀sán, kó sì wà ní ṣíṣí títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa. Ó mi orí. Ìyẹn náà ni gbogbo ohun tó ṣe, ó mi orí.

Ṣé ẹ rí i bí? Èmi ni mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń fi ọgbọ́n tirẹ̀ pamọ́. Kí ni mo ṣe tó kù díẹ̀ káàtó?

Fọlákẹ́mi, dákẹ́ síbí díẹ̀, má ka gbólóhùn tó kàn sókè. Mo bi í. Ó ní kí n bi ẹ́ pé kí ni ìwọ fẹ́, ọjọ́ wo lo sì fẹ́ ẹ. Ó ní ohun tí kò bá ti ní ọjọ́, àlá ni. Ó tán, máa kà á lọ.

Mummy, ẹ gbàdúrà fún mi. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ń kí yín.

Ọmọ yín,
Moráyọ̀


Ṣàgámù
9 Oṣù Kẹta, 2024

Moráyọ̀,

Kí lo sọ fún Fọlákẹ́mi?

Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi, ó ń kàwé sí mi létí, ó ṣàdédé dákẹ́ bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Mo ní ṣé kò sí nǹkan, ó ní iná fóònù ló lọ. Ọjọ́ kejì ló gbé tíì wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni?" Mo ní ọjọ́ kí ni? Ó ní, "Ọjọ́ tèmi." Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá gbójú sókè, kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ló máa ń wò. Ọmọ tí kì í gbójú sókè wo ọ̀gá rẹ̀ tẹ́lẹ̀! Tí o bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn ń ràn bí òfìnkìn, má tún fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́.

Ní ti ọ̀gá rẹ, àdánwò ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó mú ìgbálẹ̀, ó fẹ́ wò ó bóyá o máa gbà á lọ́wọ́ òun ni. Ìwọ sì jẹ́ kó gbá a! Moráyọ̀! Ṣé èmi ni mo tọ́ ẹ? Ìbéèrè tó ń bi ẹ́ náà kò yé mi. Dókítà wo ló ń bi aláìsàn pé irú abẹ́rẹ́ wo ni kí òun gún un? Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó rí i lójú rẹ pé o ń ṣiyèméjì. Fi kún oúnjẹ. Wo ara rẹ̀ bóyá bọ́tìnnì kan ti já, kí o bá a tún un ṣe láìjẹ́ pé ó sọ. Ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ni okùn ń tọ̀, kò sí ọjọ́ tí okùn ń ṣáájú.

Màmá rẹ


Thamesmead, London
7 Oṣù Kẹrin, 2024

Mummy mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Ọ̀gá ti lé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí Fọlákẹ́mi tó máa kà á lọ. Mo fi kún oúnjẹ bí ẹ ṣe wí. Mo se mọ́ínmọ́ín, mo dín dòdò, mo dín ẹja. Mo rí i pé bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ kan ti já. Nígbà tó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ká kóòtù sínú báàgì mi kí n lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe dáadáa nílé. Mi ò rò ó dé ibi pé kóòtù yẹn náà ló máa wọ̀ délé. Ṣẹ́ẹ̀tì lásán ló wọ̀ padà sí Woolwich nínú òjò. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn tó ń darí ètò náà fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé ká má fún mẹ́ńtọ̀ wa ní ẹ̀bùn, ká má sì bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta tún ni, Mummy?

Lánàá, a jókòó. Ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà. Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀: ìgbà tí màá máa ṣí, irú aṣọ tí màá gbà àti irú èyí tí màá kọ̀, bí màá ṣe máa fi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú títí ṣọ́ọ̀bù á fi dúró. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Moráyọ̀, o ò nílò mi mọ́. Tèmi ti parí." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì.

Ọwọ́ nìkan, Mummy! Kò gbọ́wọ́ lé mi lórí, kò súre, kò fi nǹkan kan lé mi lọ́wọ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, mo sunkún bí ọmọdé. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù pè mí nírọ̀lẹ́ pé ṣé kí òun gbé ìwé àdéhùn wá, mo ní kó ní sùúrù, ọ̀gá mi ń bínú sí mi. Ó ní, "Ọ̀gá wo? Ṣebí ìwọ lo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù?"

Mi ò lè fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ Tìmílẹ́yìn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i, ẹ jọ̀ọ́.

Moráyọ̀


Ṣàgámù
8 Oṣù Kẹrin, 2024

Ọmọ mi,

Nu ojú rẹ. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Mo ti fi fóònù pe Pásítọ̀ Oyèdìran ní Plumstead, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í fi fóònù sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ á sìn ẹ́ lọ bẹ ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Má wọ ṣòkòtò. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ìwọ wà lórí ìkúnlẹ̀, má dá sí i.

Gbogbo ọ̀gá ló máa ń bínú. Èmi náà máa ń bínú, mo sì ń dárí jì.

Màmá rẹ


Thamesmead, London
14 Oṣù Kẹrin, 2024

Mummy mi,

A lọ. A ti dé. Mi ò mọ ibi tí kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Adrian ṣílẹ̀kùn, ó rí Pásítọ̀ nínú agbádá, ó rí Mummy Pásítọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èso àti páálí mọ́ọ̀tì, ó rí mi lẹ́yìn wọn nínú ìró. Kí ó tó sọ pé ká wọlé tán, Pásítọ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mummy Pásítọ̀ kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀. Ojú ọkùnrin náà funfun ju bó ṣe máa ń wà lọ. Ó ní, "Ta ló kú?"

Pásítọ̀ ní kò sẹ́ni tó kú, Sà, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀, ohun yòówù tí arábìnrin yìí bá ṣe, kí ẹ fojú fò ó. Ó ní mi ò ṣẹ òun. Pásítọ̀ ní bí àgbàlagbà ṣe ń wí nìyẹn, Sà, ṣùgbọ́n ẹ dárí jì í. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ dárí rẹ̀ jì. Mummy Pásítọ̀ ní, "Ẹ gbọ́, inú ń bí wọn gan-an ni." Ó wá ń bẹ̀ wá pé ká dìde, àwa náà ń bẹ̀ ẹ́, a wà bẹ́ẹ̀ títí omi tíì tó gbé kaná fi gbẹ nínú kẹ́tù.

Nígbà tí a jókòó nígbẹ̀yìn, Pásítọ̀ ṣàlàyé fíríídọ̀mù fún un. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní ká jẹ́ kí òun náà sọ nǹkan kan, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu. Ó ní bàbá òun ló dá ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ yẹn sílẹ̀. Títí bàbá náà fi kú ni òun ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ti dàgbà, irun òun ti ń funfun, bàbá kò sì jẹ́ kí òun dá ìpinnu kan ṣe rí. Ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń pinnu. Bó ṣe kógbá sílé nìyẹn. Ó ní, "Ìdí tí mi ò fi ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe fún un nìyẹn."

Ó wá wojú mi. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìbéèrè ló tún bi mí. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní aṣọ rírán?" Mummy Pásítọ̀ gbà á kí n tó lanu: "Ìyá rẹ̀ ni, Sà." Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fi gbé e wá sọ́dọ̀ mi?"

Mummy Pásítọ̀ ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn agbádá rẹ̀.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ti délé. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó dá mi sílẹ̀ rí. Mo jáde lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú téèpù yín lọ́rùn. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà rẹ̀ ti ń parẹ́, òun ni mo sì fi ń wọn gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì Woolwich. Ẹ̀yin lọ̀gá mi. Ẹ dá mi sílẹ̀, Mummy. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, 26, ni ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbọ́ èsì.

Ọmọṣẹ́ yín,
Moráyọ̀


Thamesmead, London
22 Oṣù Kẹrin, 2024

Mummy,

Ẹ ò fèsì. WhatsApp fi hàn pé Fọlákẹ́mi ti ka lẹ́tà mi láti ọjọ́ tí mo ti fi ránṣẹ́. Mo pe fóònù rẹ̀, kò gbé e. Mo pe tiyín, ẹ ní ara yín le, ẹ ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, ẹ pa á. Nẹ́tíwọ̀kì dáa, Mummy. Mo ń gbọ́ ìró máṣíìnì aládùúgbò yín kedere.

Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni kí n rán wá bẹ̀ yín? Àwọn tí mo ní kò ju Pásítọ̀ lọ, orúnkún sì ń dun òun náà látọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Moráyọ̀


Ṣàgámù
27 Oṣù Kẹrin, 2024

Moráyọ̀ ọmọ mi,

Bí fọ́tò yìí bá wọ́, tí o sì rí àtàǹpàkò nínú rẹ̀, àtàǹpàkò mi ni. Èmi fúnra mi ni mo yà á.

Fọlákẹ́mi ka lẹ́tà rẹ dé ibi tí o ti ní kí n dá ẹ sílẹ̀. Ó kà á tán, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó kúnlẹ̀.  Mo ní ta lo ń kúnlẹ̀ fún, ṣé ìwọ lo kọ lẹ́tà ni? Kò dìde. Inú bí mi. Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì ti dìtẹ̀ mọ́ mi. Mo ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá títí n ó fi ránṣẹ́ pè é.

Má sọ èyí fún òyìnbó yẹn o. Ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Fọlákẹ́mi ló ń fi okùn bọ̀ ọ́ fún mi, kì í sì í jẹ́ kí oníbàárà rí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní n ó dá a sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ló máa ń wá sọ́kàn mi. N kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àbí ẹni tí ojú ń dùn kò gbọdọ̀ ní ẹni tí yóò bá òun rí i ni? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lé e lọ, mo jókòó ti máṣíìnì, okùn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, mo ń ti okùn, okùn ń kọjá. Oníbàárà dé, mo ní kò síná. Iná wà lórí gbogbo wa.

Lọ́jọ́bọ̀, mo ránṣẹ́ pe Fọlákẹ́mi. Mo gbé àga méjì síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo pe àwọn aládùúgbò. Fọlákẹ́mi kúnlẹ̀ níwájú ọ̀kan. Mo tẹ́ gáùn tí o kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ rán sórí ìkejì, èyí tí apá rẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. Mo gbọ́wọ́ lé orí Fọlákẹ́mi, mo gbọ́wọ́ lé gáùn. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní gbẹ, ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, oníbàárà kò ní rí yín bí ògiri. Wọ́n ṣe àmín. Mo fún Fọlákẹ́mi ní sísọ́ọ̀sì. Tìrẹ wà nínú àpótí mi. Tí mo bá rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, n ó fi rán an. Kó má fi sínú báàgì ọwọ́ ṣá, kí wọ́n má baà gbà á ní pápákọ̀. Téèpù yẹn, má dá a padà.

Mo ti kọ lẹ́tà kan sí ẹ tán ní ọjọ́bọ̀ náà kí n tó kọ èyí, mo lanu láti ní kí Fọlákẹ́mi yà á, mo wá rántí pé kì í ṣe ọmọṣẹ́ mi mọ́. Ọmọṣẹ́ ti di ọ̀gá. Wọn kì í rán ọ̀gá níṣẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fóònù. Mo ti ya òrùlé, mo ti ya ẹsẹ̀ mi, mo ti ya ajá aládùúgbò. Mo lè pè ẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn mi ì bá gbọ̀n, n kì í sì í sunkún lórí kírẹ́díìtì.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Ẹtì rẹ ṣe kọjá. Tó bá jẹ́ pé o dúró dè mí, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi. Tó bá jẹ́ pé o ò dúró, a jẹ́ pé o rí mi fín. Láti àná ni mo ti ń gbàdúrà pé kí o ti rí mi fín.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí, gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà lára fóòmù mi ló ti ní okùn nínú. Dúdú, funfun, pupa, kò fo ọ̀kan. Fọlákẹ́mi ṣì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ti gba ibẹ̀ kọjá kó tó lọ ṣí tirẹ̀.  

Ìyá rẹ


Plumstead, London
5 Oṣù Karùn-ún, 2024

Mummy mi, ọ̀gá mi,

Àdúrà yín gbà. Mo rí yín fín.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé ìwé àdéhùn síwájú mi, ó ní bí mo bá tún dárúkọ ọ̀gá kan, òun á pe oníṣòwò fóònù. Mo fi téèpù yín kọ́rùn. Mo bi ara mi ní, "Moráyọ̀, kí ni ìwọ rò?" Mo fọwọ́ sí i. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí dé Thamesmead, mo ti ń wo ara mi lórí ọ̀kadà lẹ́yìn Tìmílẹ́yìn. Ọjọ́ kejì ni àtàǹpàkò yín wọlé. Mo kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, mi ò mọ ibi tí Ṣàgámù kọjú sí, mo bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ẹlẹ́ja.

A ti ṣí. Àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ bí mo ṣe rò ó. Ọ̀gbẹ́ni Adrian wá, ó gbé ṣòkòtò kan tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ ti jẹ wá. Mo ní báwo lẹ ṣe fẹ́ ẹ? Ó ní, "Kí ni ìwọ rò?" Mo ní Sà, ṣòkòtò yìí ti kú, ẹ sọ ọ́ nù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ẹ kí Fọlákẹ́mi. Ẹ ní èmi náà kí i kú ọ̀gá.

Mummy, mo ti kọ ewé ìwé méjì nípa ojú yín, nípa dókítà, nípa gíláàsì, nípa bí ẹ ṣe máa wá síbí. Mo fa gbogbo rẹ̀ ya. Wọ́n ti kọ́ mi láti pa ẹnu mọ́. Ìbéèrè kan péré ni mo ní: kí ni ẹ̀yin fúnra yín fẹ́? Ọjọ́ wo?

Mo ti ra àga kejì sínú ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó ti ilẹ̀kùn lánàá, mo fi okùn dúdú bọ abẹ́rẹ́ kan, mo gún un mọ́ kọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Oníbàárà kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọmọ yín tí ẹ ti dá sílẹ̀,
Moráyọ̀